Fọláṣadé tàbí Fúnmiláyọ̀? Ìdáhùn fún ìyá ìkókó kan ní Èbúté Mẹ́ta

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo bí ọmọbìnrin, àkọ́bí wa, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí a ti ń wojú Ọlọ́run. Èbúté Mẹ́ta là ń gbé, ṣùgbọ́n ilé ẹbí ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó la ti máa sọ ọmọ lórúkọ. Ọkọ mi ní Fọláṣadé ni òun fẹ́. Orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ni, àwọn ló tọ́ ọ dàgbà, wọ́n sì wà láàyè nínú ilé ẹbí náà. Ó tún ní orúkọ ìdílé àwọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Adé, nítorí náà adé gbọ́dọ̀ wà nínú orúkọ ọmọ. Èmi fẹ́ Fúnmiláyọ̀, ẹ̀yin náà mọ ìdí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní orúkọ méjèèjì ti di ti ìyá àgbà. Èwo ni ká mú, báwo la sì ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé?

Ìdáhùn: Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹni tó fún yín á bá yín wò ó, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Fúnmiláyọ̀ ni kó ṣáájú, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn. Kó jẹ́ Olúfúnmiláyọ̀. Kí Fọláṣadé, orúkọ Màmá tó tọ́ ọkọ yín dàgbà, wá tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ọkọ yín ní ìdí tirẹ̀, ìdí náà sì lágbára, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, kí ẹ lè jọ kà á.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ná, kí ẹ tó yan ohunkóhun. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí yín: ṣé ẹsẹ̀ ni ọmọ fi wáyé? Ṣé ìwọ́ wé e lọ́rùn? Ṣé àpò bò ó lórí nígbà tó ń bọ̀? Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni. Ọmọbìnrin tí ìwọ́ wé lọ́rùn, Àìná ni. Ọmọbìnrin tí àpò bò, Tàlàbí ni. Àwọn wọ̀nyí lorúkọ àmútọ̀runwá, ọmọ ló gbé wọn wá, ẹnikẹ́ni kò yàn wọ́n fún un. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á ti tú ìwọ́ náà kúrò lọ́rùn ọmọ kí ìyá tó gbórí sókè, wọn kì í sì í sábà sọ fún un àfi tó bá béèrè. Bó jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún yín, ẹ bi dókítà, òun náà rí i. Àwọn ìyá àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó á béèrè lọ́wọ́ yín, kò sì dára kí ẹ máa wojú ara yín. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi orúkọ náà kún tiyín. Kò pọn dandan kó ṣáájú.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá tú orúkọ méjèèjì wò.

Gbólóhùn ni orúkọ Yorùbá, a kàn ká a pọ̀ ni. Fúnmiláyọ̀: fún mi ní ayọ̀. Nígbà tí "ní" pàdé "ayọ̀", n di l, í ṣubú, ohùn òkè tó wà lórí í sì bọ́ sórí a, ó di láyọ̀. Fọláṣadé: fi ọlá ṣe adé. I inú "fi" kò sí mọ́, e inú "ṣe" náà ti lọ. Ẹ fi dò-re-mí kọ wọ́n lórin, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀. Fọ-lá-ṣa-dé: re mí re mí, ó ń gòkè lẹ́ẹ̀mejì. Fún-mi-lá-yọ̀: mí re mí dò, ó gòkè, ó wá jókòó. Ẹ ṣọ́ ohùn ọlá o. Ọlá ni iyì àti ọ̀wọ̀. Ọlà ni ọrọ̀. Ọ̀la ni ọjọ́ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fi ohùn kan pe òmíràn ti sọ ọmọ lórúkọ míì.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ta ló fún mi láyọ̀? Ta ló fi ọlá ṣe adé? Nínú orúkọ méjèèjì, bí ẹ ṣe kọ wọ́n, ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kò sí níbẹ̀. Orí orúkọ ti gé. Orí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jókòó lé lórí, nítorí òun ló ń sọ ohun tí orúkọ ń wí.

Láìní orí, "fún mi láyọ̀" jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò tíì rí i ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó ń tọrọ. Ẹ̀yin ti tọrọ fún ọdún márùn-ún. Ọmọ ti dé, ó ń sunkún lórí ibùsùn yín báyìí. Bí ẹ bá fi Olú sí i, ẹ̀bẹ̀ náà á di ìdúpẹ́: Olú fún mi láyọ̀. Ó ti fún mi, ó tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má fi í sílẹ̀ ní Fúnmiláyọ̀ lásán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀ tí Olú wà nínú ìwé wọn, ẹnu ló gé e. Ìyẹn kò burú. Èyí tó dùn mí ni pé kí ìwé náà fúnra rẹ̀ gé e.

Olú tàbí Olúwa? Olú ni mo fara mọ́, torí ó kúrú, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ Olúwa, ẹ lò ó, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yàn án. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú lọ́jọ́ náà ló máa fi kún un.

Ọkọ yín lè wá sọ pé: tó bá jẹ́ orí là ń wá, ká fi Adé ṣe é, Adéfúnmiláyọ̀, ẹnu á kò. Ó ṣeé ṣe. Ó dùn gbọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó ń sọ pé adé ló fún yín láyọ̀. Ọdún márùn-ún tí ẹ fi ń wojú Ọlọ́run, ṣé adé lẹ ń bẹ̀? Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n gbé adé fún ẹnì kan nínú ilé yín lẹ bí ọmọ yìí, mi ò ní jiyàn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Lórí adé tí ọkọ yín ní ó gbọ́dọ̀ wà yìí: Adé níwájú orúkọ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ látijọ́. Ó ń tọ́ka sí ilé tí ọmọ ti wá, bí Ifá ṣe ń tọ́ka sí ilé babaláwo, tí Àyàn ń tọ́ka sí ilé onílù, tí Ọdẹ sì ń tọ́ka sí ilé ọlọ́dẹ. Orúkọ ìdílé yín ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Ọmọ á máa rù ú lọ síbi gbogbo, ilé ìwé ni o, báǹkì ni o. Ní Èkó tiwa yìí, adé wà ní Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, ṣùgbọ́n fìlà funfun làwọn olóyè Ìdẹ́jọ ń dé, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé wọn kò lọ́lá. Ìtumọ̀ Fọláṣadé gan-an nìyẹn: ọlá ni ilé yìí fi ṣe adé. Orúkọ tó jinlẹ̀ ni. Kò nílò Adé míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tún pè é pọ̀ mọ́ orúkọ ìdílé yín kí ẹ gbọ́: "Fọláṣadé Adé…" Dé kọ lu Adé, ahọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọsẹ̀. "Olúfúnmiláyọ̀ Adé…" ń ṣàn bí omi.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló kàn báyìí, òun ló sì gbẹgẹ́ jù. Ẹni tó tọ́ èèyàn dàgbà, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ lójú ayé rẹ̀, iyì ńlá ni. Ọkọ yín kò ṣàṣìṣe rárá. Ibi tí ìṣòro wà ni ẹnu tiyín. Ìyàwó ilé kì í pe àgbà ilé ọkọ lórúkọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìyá àgbà bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń da gàrí nù nínú ilé ìdáná, ṣé ẹ ó lè pariwo pé "Fọláṣadé, gbé ọwọ́ ẹ kúrò ńbẹ̀"? Ẹ ò ní lè sọ ọ́. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ìyàwó á máa pe ọmọ ní Ìyá, tàbí Màámi, tàbí Ìyá Kékeré. Orúkọ tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́jọ rò á kàn wà nínú ìwé lásán. Ọmọ á dé jẹ́lé-ó-sinmi, tíṣà á pe Fọláṣadé, kò ní dáhùn, torí kò sẹ́ni tó ti ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé.

Bó bá wà ní ipò kejì, gbogbo èyí á yanjú. Ẹ̀yin á máa pe orúkọ àkọ́kọ́, Màmá fúnra wọn á sì máa pe ọmọ ní orúkọ tiwọn nígbà tó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ọkọ yín lọ bá wọn ṣáájú ọjọ́ náà. Kó má ṣe é lórí fóònù. Kó dọ̀bálẹ̀, kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe, kó tọrọ àyè. Kó tún bi wọ́n léèrè ohun kan: báwo ni orúkọ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an? Ṣé Fọláṣadé ni wọ́n sọ wọ́n, àbí Afọláṣadé, àbí Mofọláṣadé? Ọ̀pọ̀ orúkọ àwọn àgbà ni wọ́n gé lórí nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Afọláṣadé ni ẹni tó fi ọlá ṣe adé. Mofọláṣadé ni "èmi fi ọlá ṣe adé". Orí tí Màmá bá dá ni kí ẹ gbé fún ọmọ. Mo ń lo Afọláṣadé níhìn-ín títí ẹ ó fi gbọ́ ti ẹnu wọn. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ẹ jẹ́ kí Màmá ló kọ́kọ́ pe orúkọ kejì yẹn sókè. Ẹnikẹ́ni kò ní rántí pé ipò kejì ló wà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá mú Yétúndé tàbí Ìyábọ̀ wá, ẹ bi í pé ìyá wo ló kú. Orúkọ ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí ìyá àgbà ti lọ ni. Kò bá ọ̀rọ̀ Màmá tó wà láàyè mu rárá.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín ní orúkọ náà ti gbó. Mi ò gbà. Lásìkò yìí, Mofifólúwa, Tiwalọlá àti Fiyìnfólúwa ló pọ̀ lẹ́nu àwọn òbí, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yín á pé ogójì ọdún, orúkọ gbọ́dọ̀ bá a débẹ̀. Ní Akọka tí kò jìnnà sí yín, Folasade Ogunsola lobìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó, lọ́dún 2022. Ìyá tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ nítorí owó orí, Frances Abigail Olufunmilayo ni wọ́n sọ wọ́n nígbà tí wọ́n bí wọn ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1900. Wọ́n bọ́ ti òyìnbó méjèèjì sílẹ̀ nígbà tó yá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni gbogbo ayé wá mọ̀. Ẹ kíyè sí i pé Olú wà lórí orúkọ wọn láti ilẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n á máa pè nílé ńkọ́? Ẹ yàn án fúnra yín, kí àwọn ará ilé tó yàn án fún yín. Fúnmi ni ẹnu gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ sáré lọ bá, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọ yìí. Fúnmilọ́lá ń jẹ́ Fúnmi, Fúnmikẹ́ ń jẹ́ Fúnmi, kíláàsì kan lè ní mẹ́ta. "Fún mi" nìkan tún padà di ìtọrọ. Láyọ̀ ni kí ẹ máa pè é: ó ní ayọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé tó bá di ká pe ọmọ láti ẹ̀yìn ọ̀nà, Ṣadé dáa ju Láyọ̀ lọ. Ohùn òkè ló parí Ṣadé, ó ń lọ jìnnà. Ohùn ìsàlẹ̀ ló parí Láyọ̀, bí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ń ké, ó lè má dé etí ọmọ. Ẹ dúró sórí bákónì yín nírọ̀lẹ́, kí ọkọ yín wà nísàlẹ̀ ní títì, kí ẹ pe méjèèjì kí ẹ gbọ́ ọ.

Ó kù bí ẹ ṣe máa kọ ọ́. Ibí yìí ló ti ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìwé ìjọba kì í gba àmì ohùn, kì í sì í gba àmì abẹ́ lẹ́tà. Nínú ìlà méjì tó kún fún àmì < nísàlẹ̀ ojú ewé tí fọ́tò wà nínú pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà A dé Z nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀ fún orúkọ. Nítorí náà, ṣ á di s tàbí sh. Méjèèjì wà nígboro: Folasade ni ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń kọ, àwọn mìíràn sì ń kọ Folashade. Kò sí èyí tó jẹ̀bi. Èyí tó jẹ̀bi ni kí ìwé ìbí ní s, kí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba, ní sh. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ ṣe WAEC, tàbí tó fẹ́ ṣí àkáǹtì báǹkì, kọ̀ǹpútà á sọ pé èèyàn méjì ni. Ẹ ó wá lọ búra nílé ẹjọ́, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹnì kan náà ni, ẹ ó sì máa gbé ìwé náà kiri. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fà á. Èmi á mú s, torí ó kúrú. Bí Màmá bá ń kọ tiwọn ní sh, ẹ tẹ̀ lé Màmá.

Ẹ kọ Olufunmilayo pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní "Olu Funmilayo", tí àyè sì wà láàárín, NIN lè gbé Olu sí orúkọ àkọ́kọ́ kó gbé Funmilayo sí àárín, ọmọ á wá di Olu jákèjádò ayé rẹ̀. Ẹ má ṣe fi lẹ́tà ńlá sáàárín pẹ̀lú.

Ẹ ka lẹ́tà wọn. Ìlà òkè nínú méjèèjì inú pásípọ́ọ̀tù yẹn gba àmì 44. Márùn-ún ti lọ sí P àti orílẹ̀-èdè, ó ku 39 fún orúkọ gbogbo, títí kan àwọn àmì tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ká ní orúkọ ìdílé yín jẹ́ lẹ́tà 12. Ẹ fi àmì 2 kún un, Olufunmilayo jẹ́ 12, àmì 1, Afolasade jẹ́ 9. Àpapọ̀ rẹ̀ 36, ó wọlé. Bí ẹ bá lo Oluwafunmilayo, tó jẹ́ 14, pẹ̀lú Afolashade, tó jẹ́ 10, ó di 39 géérégé. Ẹ fi orúkọ kẹta sí i, wọ́n á gé e. Orúkọ méjì tó fún ìwé. Ìyókù, ẹnu ni kó máa gbé.

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fún yín nílé ìwòsàn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ "Baby" àti orúkọ ìdílé sí i. Ẹ gbé e padà lọ lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ kí wọ́n kọ orúkọ gidi. Ẹ wá lọ sọ́dọ̀ NPC, àjọ ètò ìkànìyàn, fún ìwé ìbí. Ọjọ́ 60 ni òfin ọdún 1992 fi sílẹ̀ láti forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ẹ kọ orúkọ náà sórí bébà ní lẹ́tà gàdàgbà, ẹ gbé e síwájú òṣìṣẹ́, ẹ má kàn fẹnu pè é. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní káńtà, ẹ ka ohun tó tẹ̀ jáde, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà: ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ bí i, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ọjọ́ kẹjọ, torí a máa ń ka ọjọ́ tí a bí ọmọ mọ́ ọn. Látijọ́, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ti ìbejì. Ní báyìí ọjọ́ kẹjọ ni gbogbo èèyàn ń lò, bí Màmá bá sì ní ọjọ́ Ajé ni ti àwọn, kò burú. Oyin, iyọ̀, omi, obì, orógbó, ataare, àwọn àgbà ilé mọ ìyẹn ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àwọn ẹbí á máa ju owó sínú àwo, oníkálukú á sì máa pe orúkọ tirẹ̀. Ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sínú ìwé, orúkọ àti ẹni tó sọ ọ́. Àdúrà wọn ni. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ yẹn kò gbọdọ̀ dé ìwé ìbí.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ kò béèrè: oríkì rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọrọ pẹ́ tó báyìí, Àbẹ̀kẹ́ ló yẹ ẹ́, ọmọ tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Òun lẹ ó máa pè nígbà tó bá ń sunkún lóru tí ọmú kò sì pa á lẹ́nu mọ́. Kì í sábà wọ ìwé, àgbà ló sì ń fi í pe ọmọdé. Ẹ ní kí Màmá fi í fún un lọ́jọ́ náà.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ẹ mú bébà funfun kan. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀: Olúfúnmiláyọ̀ Afọláṣadé Àbẹ̀kẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ti ìwé ìjọba: Olufunmilayo Afolasade. Ẹ fún pásítọ̀ tàbí àlùfáà ní ẹ̀dà kan kó kà á sókè níwájú yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń pe ọlá. Ẹ tọ́jú èkejì sínú báàgì ọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì abẹ́rẹ́.